Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Mo Dá Padà

Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà Mile 12, òórùn àlùbọ́sà ló máa ń kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Kétu, òórùn tòmátì tó ti ń rà á sì tẹ̀lé e. Yàrá méjì la fi ṣe ọ́fíìsì, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páìpù omi, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsí. Ìwé ìròyìn Yorùbá là ń ṣe níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Ìwọ náà mọ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà méjì, fáànù kan tó ń mi orí bí àgbàlagbà tó ń tòògbé, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olóòtú ibẹ̀, fóònù alágbèéká kò tíì pẹ́ tó dé, mo sì gbà pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń darí ènìyàn. Bí mo ṣe wá mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń darí. Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àga mi: ÌRÒYÌN NÍ GBÓLÓHÙN ÀKỌ́KỌ́. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn nígbà tí mo ń kọ ìròyìn kóòtù: ta ló kú, ta ló pa á, níbo, kí àlàyé tó tẹ̀lé e. Òfin tó dára ni fún ìwé ìròyìn. Àmọ́ mi ò fi mọ sórí ìwé, ẹnu àwọn ènìyàn ni mo gbé e lé. Bí ẹnìkan bá wọlé tó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní kí n bá yín sọ," màá na ìka sí páálí náà. Bó bá ṣì ń yí i po, màá bẹ̀rẹ̀ sí kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá ka ẹ̀ta tí kò tíì dé ibi ọ̀rọ̀, màá ní kó jáde lọ tò ó dáadáa kó tó padà wá. Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé inú wọn ń dùn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù lẹ́nu wọn ni "Kò sí wàhálà, sà," wọ́n sì ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ṣe àmín.

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Obìnrin àgbà kan wà tó ń tẹ ìròyìn sínú kọ̀ǹpútà, ará Ìjẹ̀bú, onísọ́ọ̀ṣì, tó jù mí lọ dáadáa. Mummy ni gbogbo wa ń pè é. Ayàwòrán wa wà, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kẹta ni akọ̀ròyìn wa obìnrin, ọmọ oníṣòwò ata ní Mile 12, tó gbọ́ Haúsá débi pé àwọn onítòmátì máa ń ránṣẹ́ pè é wá parí ìjà. Òun ló yára jù láàrin gbogbo wọn. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ló ṣègbéyàwó. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára ni mo ṣe ń le mọ́ ọn jù. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń parí lọ, odò Ògùn kún àkúnya. Omi gòkè wọ àwọn àdúgbò etí odò lẹ́yìn Mile 12, ó dé ojú fèrèsé ilé àwọn kan. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ tí a máa ń kó gbogbo iṣẹ́ lọ fún àwọn atẹ̀wé. Mo fẹ́ kí ìròyìn omi náà wà lójú ewé àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ láti ẹnu àwọn tó wà nínú omi gan-an, kì í ṣe ti àwọn tó dúró sórí títì tí wọ́n ń wò ó. Mo ní kí akọ̀ròyìn obìnrin yìí àti ayàwòrán wá ọkọ̀ ojú omi wọ̀, kí wọ́n wọ inú àdúgbò náà lọ.

Akọ̀ròyìn náà wá dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n bi yín bóyá láti orí títì náà a ṣì lè rí..." Mo na ìka sí páálí. Ó wò ó, ó tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kò sí wàhálà, sà." Ó jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mummy wá fara ti ilẹ̀kùn. Kì í sábà wá síbẹ̀. Ó ní oòrùn ò tíì yọ láti àárọ̀, ó ní omi ọdún yìí tutù, ó ní kí n bá òun wo ọmọ yẹn dáadáa. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́ kì í gba ojú omi." Mo bi í pé ta ló gbé ẹyin. Mo bi í pé ìròyìn ńkọ́. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọmọ náà lóyún. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀, àfi èmi. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìwọ náà sì mọ̀ pé a kì í fi ẹnu kéde irú oyún bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ojú la fi í sílẹ̀ fún. Obìnrin wo ni yóò dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin tí yóò fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́? Ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà ló gbé e lọ, obìnrin àgbà sì gbé e wá fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e. Òótọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ: Yorùbá ni mí. Ká ní ilé ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn fún mi, màá ti mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti di etí yẹn pa, tí mo sì ń fi dídi rẹ̀ yangàn.

Akọ̀ròyìn náà pè mí lẹ́ẹ̀kíní ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Mo ń gbọ́ igbe àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbá ara ọkọ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, omi yìí..." Mo ní ilé mélòó ló ti wó. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Mo ní kó pè mí bó bá mọ̀, mo sì pa fóònù. Nígbà yẹn, bí ẹni tí wọ́n ń lé ni gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gé owó. N kò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ó pè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí àwọn onípáìpù nísàlẹ̀ ń kírun ọ̀sán. Ó bèèrè bóyá Mummy wà nítòsí. Mo ní Mummy ń tẹ iṣẹ́, ṣé èmi ló fẹ́ jíṣẹ́ fún àbí Mummy? Mo pa á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. "Ọ̀gá, ẹ má bínú." Ó dákẹ́. Mo kà á fún un lórí fóònù: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí ayàwòrán wọlé. Omi mù ún dé àyà, ó di kámẹ́rà sínú ọ̀rá. Ó kàn dúró, ó ń wo páálí orí ògiri. Mo ní ẹnì kejì rẹ̀ dà. Ó ní, "Ara wọn ò dá." Mo ní kó sọ̀rọ̀. Ó yísẹ̀ padà, ó lọ bá Mummy, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ sí i létí. Mo rí i tí Mummy bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó wọ inú yàrá mi, ó nà ró gbọnrangandan, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò:

"Ọ̀gá, ẹ ní kí ìròyìn máa ṣáájú. Akọ̀ròyìn yín lóyún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti ìgbà tó kọ́kọ́ pè yín. Ó wà lókè ilé kan tí omi yí ká, ọkọ̀ tó gbé wọn lọ kò padà wá. Ṣé ó pé?"

Àlàyé tó kù, ojú àtẹ̀gùn ni ayàwòrán ti ṣe é fún mi bí a ṣe ń sáré sọ̀kalẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gun òkè ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí kó lè sinmi, atukọ̀ náà ní òun ń lọ gbé àwọn mìíràn, kò sì padà. Òun fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ kan tó kún fún àwọn ọmọdé jáde, àyè ẹnì kan péré ló kù níbẹ̀, akọ̀ròyìn náà kò sì lè jókòó. Ó ní, "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, sà. Wọ́n ní Mummy ni kí n bá."

Ọ̀kadà ni mo gùn. Ibi tí ọ̀dà títì ti wọ inú omi lẹ́yìn ọjà, ọkọ̀ ojú omi bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, wọ́n ń já bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń já ewúrẹ́, wọ́n ń já arúgbó kan tó di tẹlifíṣọ̀n mọ́ àyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Mo na káàdì ọ́fíìsì mi sókè, mo ní olóòtú ìwé ìròyìn ni mí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Oga, na only you get person for inside?" Ó kọjá lọ. Èkejì ò tilẹ̀ wò mí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣófo, bàbá arúgbó kan, ọmọ etí omi láti ìhà Agbóyì, jókòó sínú rẹ̀, ó ń fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Mo sọ tèmi fún un bí òfin mi ṣe wí: ibi tó wà, ohun tó ń ṣe é, kó yára. Kò gbójú sókè. Mo tún un sọ, mo fi ariwo sí i. Ó da igbá omi kan sí i.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "o ò tilẹ̀ kí mi."

Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe fún bàbá yẹn bí kì í bá ṣe pé Mummy dé lórí ọ̀kadà kejì. Ó fi síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ewu omi. Ẹ kú ìrọ́jú. Ilé tiyín ńkọ́?" Bàbá náà dá ọwọ́ dúró. Ó ní yàrá òun ti lọ láti ìdájí. Ó ní ìyàwó òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbátan kan ní Ìkòsí, pé láti ìgbà tí òun ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ni òun ti ń kó àwọn aládùúgbò, òun ò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn wá, awọ rẹ̀ ti bó. Mummy ń gbọ́ ọ, ó ń mi orí, ó ń kí i. Èmi ń kà á nínú àyà mi, mo ti ka ẹ̀ta bí ogún ìgbà. Lẹ́yìn náà ni Mummy wá sọ ọ́, gbólóhùn kan: "Bàbá, ọmọ wa obìnrin kan wà nínú omi yẹn tó gbé ẹyin lọ́wọ́."

Bàbá náà ju igbá sínú ọkọ̀. "Kí lẹ wá dúró ń ṣe? Ẹ wọlé."

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Inú bàbá tí a kò mọ̀ rí yẹn ló ti di odidi kí Mummy tó dìde nílẹ̀. Ààbọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún mi láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ mú èyí tó kù wá.

Àárín àwọn òrùlé páànù là ń gbà kọjá. Àlùbọ́sà ń léfòó, agbọ̀n tòmátì ń léfòó, òórùn bẹntiróòlù àti ti ṣáláńgá pọ̀ mọ́ra wọn lójú omi. Oòrùn tó ní òun ò yọ látàárọ̀ wá yọ ní ìrọ̀lẹ́, pupa rẹ̀ tẹ́ sórí omi débi pé mi ò lè wò ó. Mo ń jẹ́ oríṣiríṣi ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run. Mo ní bó bá lè gba ọmọ yẹn là fún mi, kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn tó ń sọ pé kò lọ, mo ń tún un tẹ̀, títí bàbá fi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ kí n má bàa da gbogbo wa nù.

Ìró bí àwọn ọmọdé ṣe ń lu páànù la fi mọ ilé náà. Àwọn obìnrin ti fi ìró aṣọ wọn yí ibì kan ká lókè. Ó dùbúlẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìyá aláta kan tó jẹ́ Haúsá. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde. Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tó sọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìròyìn náà kù díẹ̀." Ó yọ ìwé kékeré kan láti abẹ́ gèlè rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá wé e kó má bàa tutù. Ọwọ́ mi kò lè gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bi Mummy pé, "Ṣé ọ̀gá tí ọmọ yìí ń pè nìyí?"

Ilẹ̀kùn pákó la fi gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, a sì gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Gbàgádà bí wọ́n ṣe ń pe ìrun mọ́gàríbà. Dókítà jáde wá bá wa. Ó ní yóò yè. Ó ní oyún ti lọ. Mo bi í pé ká ní a tètè gbé e dé ní ọ̀sán ńkọ́? Ó ronú, ó ní òun ò lè sọ. Ìdáhùn yẹn wúwo ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Títí di òní, mo ṣì ń gbé e kiri.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó fojú rí i là ń lọ bá. Mo mú ìwé mi, mo ń lọ láti orí tábìlì kan dé òmíràn, mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá kan bí ẹni pé kì í ṣe èmi. Ọjọ́ méjì gbáko, "Kò sí wàhálà, sà" nìkan ni mo ń kọ. Ní ọjọ́ kẹta mo já páálí kúrò lára ògiri. Mo gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mummy, mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pa ẹnu mi dé. "Ọ̀gá yẹn gbọ́n," ó ní. "Etí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu." Lẹ́yìn tirẹ̀ ni àwọn tó kù tó lè sọ̀rọ̀. Ayàwòrán ní ọ̀gá náà kì í bú ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá ti ń kà, gbogbo ohun tóun mọ̀ á fò lọ. Ẹni tó ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù sọ pé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ onípáìpù làwọn ti máa ń pàdé láti fi dánra wò bí àwọn ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó ka ẹ̀ta. "Nígbà míì," ó ní, "a máa gbà síbẹ̀ pé ká má wulẹ̀ sọ ọ́ mọ́." Mo bi í nípa ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín. Ó wojú mi. "Ẹ̀rù ni, sà."

Mo yí ọ̀nà mi padà, àmọ́ má ṣe rò pé ó rọrùn. Bí ìpàdé bá fẹ́ parí, mo máa ń bèèrè pé kí ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, màá sì dákẹ́ títí ìdákẹ́jẹ́ náà yóò fi máa yún mi lára. Mo ṣì ń kà á nínú ọkàn mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo já lu ẹnu ènìyàn, Mummy á sì wúkọ́ láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ikọ́ tí kì í ṣe ti òtútù. Ìwé ìròyìn ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà míì. Mo fara mọ́ ọn.

Akọ̀ròyìn náà kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, èmi àti Mummy lọ kí i nílé ìyá rẹ̀ ní Ìkòsí. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kọjá ìloro tí mo ti ń sọ pé mo wá tọrọ ìdáríjì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi." Mo jókòó, mo mu omi. A sọ̀rọ̀ ọjà, a sọ̀rọ̀ bí omi ṣe fà padà tó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun gbọ́ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò nípa ọ̀gá kan. Ó ní ṣé mo mú ìwé lọ́wọ́? Mo yọ ọ́. Ó dákẹ́ pẹ́, mi ò sì kà.

"Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀gá àwọn kì í gbé fóònù," ó ní. "Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé e."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n kà á sóun létí, mo kà á. Ó ní, "Ó pé."

Mo ti darí ọ́fíìsì méjì mìíràn láti ìgbà yẹn. Ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn náà sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì nílò àtiṣí i kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí fóònù bá dún, tí ẹni tí mo ń darí sì bẹ̀rẹ̀ láti "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," mo máa ń gbé bírò sílẹ̀. Mo máa ń dá a lóhùn pé òun náà kú iṣẹ́, mo máa ń bèèrè ibi tó wà àti bí ara rẹ̀ ṣe rí, màá sì dúró. Ó lè jẹ́ ìkíni lásán. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé inú ìkíni yẹn gan-an ni ìròyìn wà, èmi tí mo ń wá ìròyìn kiri sì ni mo pa á lẹ́nu mọ́.